Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún dátà yín lọ́rùn? Bí ẹ ṣe máa fi fáìlì ńlá ránṣẹ́ láti Òṣogbo láì sun owó dátà níná

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í wọ ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Ọláìyá pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà. "Ẹ̀gbọ́n, mo ra dátà aláìlópin. WhatsApp ń lọ, Facebook ń lọ, àmọ́ fáìlì tí mò ń fà láti àná ò tíì dé ìdajì. Àbí fóònù mi ló ní àrùn ni?" Fóònù yín ò ní àrùn. Ó lè jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti fa ìjánu dátà yín, ó lè jẹ́ pé èrò ti pọ̀ jù lórí òpó àdúgbò yín, ó sì lè jẹ́ pé nǹkan kan nínú kọ̀ǹpútà yín ló ń jẹ dátà nígbà tí ẹ ò wò ó. Ọ̀tọ̀ ni oògùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi oògùn ibà tọ́jú ẹ̀fọ́rí, owó rẹ̀ ló ń ná.

Fídíò òde ni iṣẹ́ mi: ìgbéyàwó, òkú àgbà, ìwúyè. Fáìlì 20GB, 40GB ni mò ń bá yí, mo sì ti fi owó ara mi kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ má tíì ra dátà mìíràn o. Ẹ má sì tíì ju síìmù nù.

Ohun mẹ́ta tó ń dín eré kù

Èkíní ni gbèdéke. Dátà tí wọ́n kọ unlimited sí lára kì í ṣe òkun. Iye GB kan wà tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ sísàlẹ̀ ojú ewé, wọ́n ń pè é ní Fair Usage Policy. Tí ẹ bá ti lò tó ìyẹn, wọn ò ní já yín, wọ́n á kàn fa ìjánu. Dátà tó ń sáré ní 20 Mbps (Mbps ni wọ́n fi ń wọn eré dátà) lè já wá sí 1 Mbps tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, títí ọjọ́ tí ẹ máa tún un rà.

Èkejì ni èrò. Gbogbo fóònù tó wà lábẹ́ òpó kan ló ń pín ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹ dúró sí Ọjà Ọba lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà kí ẹ gbìyànjú láti fi fídíò ránṣẹ́, ẹ ó rí i. Ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ ńkọ́? Gbogbo ayé ló ń ya fídíò nínú igbó, gbogbo ayé ló sì fẹ́ gbé e sórí ayélujára lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ yẹn, kámẹ́rà ni mo máa ń mú dání, mi ò kì í dán dátà wò rárá.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn èèyàn ò mọ̀ dáadáa: ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè mọ irú nǹkan tí ẹ ń fi dátà ṣe, kí wọ́n sì dín ìyẹn nìkan kù. Torrent, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn èèyàn fi ń pín fáìlì láàárín ara wọn, ló sábà máa ń forí fá a. Ìdí ni pé tí ẹ bá ń fa fáìlì lórí torrent, kì í ṣe ojú kan lẹ ti ń fà á. Ẹ ń fà á lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn káàkiri ayé, ẹ̀yin náà sì ń fi èyí tó ti wọlé ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀, lórí síìmù, ọ̀nà àtifiránṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ju ọ̀nà àtigbà lọ púpọ̀. Èèyàn márùn-ún péré tó ń ṣe torrent tọ̀sán-tòru lábẹ́ òpó kan lè sọ àdúgbò di gó-slò fún àwọn tó fẹ́ ka ìròyìn lásán. Mi ò gbèjà ilé-iṣẹ́ kankan, àmọ́ mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é.

Àyẹ̀wò: èwo ló ń ṣe yín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ẹ wá bébà àti bírò. Ẹ má fi orí ṣe é, nítorí èsì yìí lẹ máa kà fún wọn tó bá di pé ẹ fẹ́ pe ilé-iṣẹ́ náà.

1. Ẹ tẹ *323# kí ẹ wo iye dátà tó kù. Nọ́ńbà yìí kan náà ni fún gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà báyìí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.
2. Ẹ lọ sínú áàpù tàbí ojú ewé ilé-iṣẹ́ náà, ẹ wá orúkọ dátà tí ẹ rà, kí ẹ ka gbèdéke rẹ̀. Tí ẹ bá ti lò kọjá iye yẹn, ẹ ti rí ọ̀daràn. Ẹ fo yòókù lọ sí apá tó sọ nípa fífi fáìlì ránṣẹ́.
3. Ẹ pa gbogbo nǹkan tó ń lo dátà, ẹ wá ṣí fast.com, ojú ewé tó ń wọn eré dátà. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta: ní aago 5 ìdájí, ní aago 2 ọ̀sán, àti ní aago 9 alẹ́. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
4. Ẹ yí ibi tí ẹ wà padà. Tí ẹ bá ń gbé Òkè-Fìà, ẹ tún un wò nígbà tí ẹ bá dé Ìgbóǹnà tàbí Ògo-Olúwa.
5. Ẹ yá síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, ẹ fi sínú fóònù kan náà, níbi kan náà, ní àkókò kan náà. Tí ẹ bá pààrọ̀ fóònù pẹ̀lú síìmù, ẹ ò ní mọ èwo ló fa ìyàtọ̀.
6. Èyí ló ṣe kókó jù fún ẹni tó ń lo torrent. Ẹ lọ sí ojú ewé Ubuntu, ètò ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n fi ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows. Wọ́n ń fi ohun kan náà sílẹ̀ lọ́nà méjì: ẹ lè dáńlóòdù rẹ̀ tààrà, ẹ sì lè fà á ní torrent. Ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí àkọ́kọ́, ẹ wo eré rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ dá a dúró. Ẹ wá ṣe torrent rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 kan náà, ẹ dá òun náà dúró. Ẹ má jẹ́ kó parí o, fáìlì náà ju 2GB lọ dáadáa.

Áàpù kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Wehe, Yunifásítì Northeastern ní Amẹ́ríkà ló ṣe é. Á díbọ́n bí ẹni ń wo YouTube tàbí Netflix, lẹ́yìn náà á da àmì ohun tó ń fi ránṣẹ́ rú kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má lè dá a mọ̀, á wá fi eré méjèèjì wéra. Ó dára, àmọ́ ó ń jẹ dátà, nítorí náà ẹ má fi ṣeré.

Bí ẹ ṣe máa ka èsì:

- Ó lọ́ra nígbà gbogbo, níbi gbogbo, lórí síìmù kan ṣoṣo: gbèdéke ni.
- Ó ń sáré ní ìdájí, ó ń kú lálẹ́, tàbí ó yí padà nígbà tí ẹ kúrò ládùúgbò: èrò ni.
- Dáńlóòdù tààrà ń sáré, torrent ń wọ́ bí ìgbín lórí síìmù kan náà: ó jọ pé wọ́n ń dín torrent kù. Kí ẹ tó fi ọwọ́ sọ̀yà, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì.
- Fast.com ní eré wà, síbẹ̀ dátà ń tán kíákíá: olè wà nínú ilé. Apá tó kàn ni tiyín.

Àṣìṣe kan tó ń fa ìjà láì nídìí: Mbps àti MB kì í ṣe nǹkan kan náà. "b" kékeré ni ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń ṣírò, "B" ńlá sì ni kọ̀ǹpútà fi ń hàn yín. 8 ni ẹ máa fi pín in. Tí fast.com bá sọ 8 Mbps, tí dáńlóòdù sì ń lọ ní 1 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò sẹ́ni tó rẹ́ yín jẹ. Tí wọ́n bá ti fa ìjánu yín dé 1 Mbps, 1GB kan á gbà tó wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 13. Ní 512 kbps, ó di wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 20.

Ẹ mú olè ilé ná

Olùkọ́ kan gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi láti Òkè-Baálẹ̀. Wọ́n ní 10GB kì í lò tó ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè ìdánwò làwọn ń tẹ̀, àwọn kì í wo fídíò. Mo ní kí wọ́n jókòó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ọfà kékeré kan wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Áàpù torrent kan jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Ọmọ wọn ló fi wá géèmù nígbà ìsinmi. Géèmù ti wọlé tipẹ́, àmọ́ áàpù yẹn ò sinmi: gbogbo ìgbà tí màmá bá ti tan họ́tísípọ́ọ̀tì fóònù wọn, ó ń pín géèmù fún àwọn tí a ò mọ̀ rí ní òkè òkun. Màmá wò mí, wọ́n ní, "Èmi ni mò ń bọ́ wọn?" Ẹ̀yin ni, mà.

Ibi tí ẹ máa wò nìyí:

1. Lórí Windows, ẹ tẹ ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, kí ẹ wo gbogbo áàpù tó fara pamọ́ síbẹ̀. Èyí tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ.
2. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Windows Update, Advanced options, kí ẹ wá tẹ Delivery Optimization. Tí ẹ bá rí i pé wọ́n gbà kí kọ̀ǹpútà yín máa pààrọ̀ fáìlì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ pa á. Pínpín fáìlì ni òun náà, orúkọ ló yàtọ̀. Windows lè máa fi dátà yín gbé ìmúdójú-ìwọ̀n ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.
3. Ẹ tẹ orúkọ wáìfáì tí ẹ ń lò nínú Settings, kí ẹ tan Metered connection. Èyí ló ń sọ fún Windows pé owó lẹ fi ra dátà, kó máa rọra ṣe.
4. Lórí fóònù, ẹ wo Google Photos. Tí ó bá ń fi dátà síìmù gbé fọ́tò lọ sókè, ẹ pa á. Wáìfáì ni kó máa lò.
5. Nínú WhatsApp, ẹ lọ sí Settings, Storage and data, Media auto-download, kí ẹ yọ fídíò kúrò lábẹ́ dátà síìmù. Ẹgbẹ́ ìdílé kan ṣoṣo tó ń fi fídíò àdúrà ránṣẹ́ láràárọ̀ lè jẹ odidi GB lóṣù.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tí mo fẹ́ kí ẹ di mú. Ọ̀pọ̀ áàpù torrent orí fóònù ní ibi tí ẹ ti lè sọ pé "Wi-Fi only". Inú yín á dùn, ẹ ó sì lọ sùn. Àmọ́ tó bá jẹ́ MiFi (ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ dátà síìmù di wáìfáì) tàbí họ́tísípọ́ọ̀tì fóònù kejì lẹ so fóònù mọ́, wáìfáì ni áàpù náà rí, kò mọ̀ pé síìmù ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Á jẹ dátà yín mọ́jú. Ní inú Android, ẹ tẹ orúkọ wáìfáì náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ metered sí, kí ẹ yàn án.

Tí ẹ bá máa lo torrent dandan

Kí n tètè sọ ọ́: tó bá jẹ́ fíìmù tuntun tí ẹnì kan fi owó ṣe lẹ fẹ́ fà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wá olùkọ́ mìíràn. Fídíò ni mo fi ń jẹun. Àmọ́ torrent kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀, bí Ubuntu àti LibreOffice ṣe ń pín nǹkan wọn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a lo qBittorrent, áàpù torrent ọ̀fẹ́ kan, ṣe àpẹẹrẹ.

1. Ẹ lọ sí Tools, Options, Speed. Níbi Upload, ẹ kọ 20. Ẹ má kọ 0! Lójú qBittorrent, 0 túmọ̀ sí "kò sí ààlà." Mo ti rí ẹni tó kọ 0 pé òun ń ṣọ́ owó, tí dátà rẹ̀ sì tán kílẹ̀ tó mọ́.
2. Ẹ kọ ààlà sí Download náà, kó kéré díẹ̀ sí ohun tí fast.com sọ fún yín. Tí torrent bá gba gbogbo ọ̀nà, WhatsApp yín ò ní rọ́nà kọjá.
3. Ní Connection, iye ìsopọ̀ tí wọ́n fi síbẹ̀ jẹ́ 500. Ẹ sọ ọ́ di 60. Fún torrent kọ̀ọ̀kan, 30 ti tó. Síìmù ò lè gbé 500, kàkà kó yára, ṣe ni yóò há.
4. Ní BitTorrent, ẹ jẹ́ kí torrent tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà jẹ́ 1. Ẹ sì fún un ní ìwọ̀n tó máa fi dúró fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí fáìlì bá ti wọlé.
5. Ẹ padà sí Speed, ẹ wo ibi Alternative Rate Limits. Ẹ lè ṣètò kó máa rọra lọ lọ́sàn-án, kó sì máa sáré láàárín òru.

Àwọn tó ń wo YouTube á ti gbọ́ pé kí àwọn ṣí port 6881 (port dà bí ilẹ̀kùn tí ìsopọ̀ láti ìta ń gbà wọlé) kí torrent lè yára. Lórí síìmù, àkókò lẹ ń fi ṣòfò. Ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, bí ayálégbé ogún tó ń lo ẹnu ọ̀nà kan. Tí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó mọ yàrá ta ló ń wá. Tí àdírẹ́sì tí MiFi yín gbà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 tàbí tó wà láàárín 100.64 sí 100.127, bó ṣe rí nìyẹn, kò sí port tí ẹ lè ṣí.

VPN ńkọ́?

Wọ́n máa ń bi mí léèrè bíi pé oògùn àjẹsára ni. VPN ni áàpù tó ń gbé dátà yín gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kọjá ní bíbò. Ó lè bo irú nǹkan tí ẹ ń ṣe mọ́lẹ̀ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì, torrent lè tipa bẹ́ẹ̀ sáré díẹ̀ tó bá jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n ń dín kù. Àmọ́ kò lè bo iye GB tí ẹ ń lò. Gbèdéke tó ti kọjá ti kọjá, òpó tó kún ti kún. Ó tún ń fi ìwúwo tirẹ̀ kún un, nítorí náà dátà á lọ díẹ̀ sí i. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni mo ń bẹ̀rù jù, nítorí gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ kó lé ẹni tí ẹ ò mọ̀ lọ́wọ́. Lójú tèmi, ẹ ṣe àyẹ̀wò òkè yẹn kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan ra VPN.

Fífi fáìlì ńlá ránṣẹ́ sí ẹnì kan

Ibí ni ọ̀pọ̀ yín ń lọ. Ẹ ò nílò torrent rárá, ẹ kàn fẹ́ kí fídíò dé ọ̀dọ̀ oníbàárà tàbí kí iṣẹ́ àkànṣe dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ yín ní UNIOSUN.

1. Ẹ dín in kù ná. HandBrake, áàpù tó ń sọ fídíò di kékeré, lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ẹ yan H.265 àti 1080p. Oníbàárà tó máa wò ó lórí fóònù ò ní rí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti 4K, fáìlì náà á sì fúyẹ́ dáadáa. Ẹ má pa ògidì rẹ̀ rẹ́ o, lọ́jọ́ kan á ní òun fẹ́ gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ńlá.
2. Ẹ wo bí ó ṣe tóbi tó, kí ẹ fi yan ọkọ̀ rẹ̀. Gmail ò gba ju 25MB lọ. WhatsApp gba 2GB, àmọ́ ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa fọ́ àwòrán náà. Telegram náà gba 2GB lọ́fẹ̀ẹ́. Google Drive fún yín ní 15GB, àmọ́ Gmail àti Google Photos ń jẹ nínú rẹ̀.
3. Tó bá ju 2GB lọ, ẹ gé e. Nínú 7-Zip, áàpù ọ̀fẹ́ tó ń di fáìlì tó sì ń gé e, ẹ tẹ Add to archive, ẹ kọ 500M síbi Split to volumes, kí ẹ yan Store níbi Compression level. Fídíò ti fún ara rẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀, ìdààmú lásán ni kí ẹ tún ní kí 7-Zip fún un. Tí iná bá lọ nígbà tí ẹ dé ègé keje, ègé keje nìkan lẹ máa tún fi ránṣẹ́.
4. Ẹ sọ fún ẹni tó máa gbà á pé kó kó gbogbo ègé sí fódà kan ṣoṣo, kó má yí orúkọ wọn padà, kó sì ṣí èyí tó ní .001 lẹ́yìn. Ẹni tí ẹ ò bá sọ fún á pè yín ní aago 11 alẹ́ pé fáìlì bàjẹ́.
5. Tó bá jẹ́ Drive, ẹ lo áàpù rẹ̀. Ẹ má fi ojú ewé bíráwúsà ṣe é. Áàpù máa ń tẹ̀síwájú níbi tó dúró sí nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Tí bíráwúsà bá tì lójijì, ẹ sábà máa bẹ̀rẹ̀ láti òdo ni.
6. Ẹ ṣe é lóru. Ẹ tẹ *312# kí ẹ wò ó bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ń ta dátà òru. Owó rẹ̀ sábà máa ń dín, òpó náà sì ti sinmi. Ẹ ka aago tó bẹ̀rẹ̀ àti aago tó parí dáadáa, nítorí tí aago rẹ̀ bá ti kọjá, dátà gidi yín ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ẹ gba iná sínú bátìrì kí ẹ tó sùn.

Tàbí kí ẹ má lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Mo ní fídíò ìgbéyàwó kan tó jẹ́ 18GB, oníbàárà wà ní Ìbàdàn. Ìjánu ti bọ́ sí dátà mi lẹ́nu, 2 Mbps péré ni mo fi ń fi nǹkan ránṣẹ́. Mo jókòó ṣírò rẹ̀: wákàtí 20, tí kò bá já lẹ́ẹ̀kan. Mo dá fáìlì náà sórí fláàṣì 32GB, mo fi téèpù dì í mọ́ inú páálí ìpara, mo kọ nọ́ńbà oníbàárà sí i lára, mo gbé e lọ sí Old Garage pé kí dírẹ́bà bá mi wébíìlì rẹ̀. Kí n tó jẹ àmàlà ọ̀sán tán, oníbàárà ti pè pé òun ti gbà á.

Fún àárín ìlú:

1. Fóònù Android sí Android: ẹ lo Quick Share. Ẹ tan Bluetooth, wáìfáì àti Location lórí méjèèjì. Fóònù méjèèjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà ni. Tí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ pa dátà síìmù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i pé á ṣì lọ.
2. Fóònù sí láptọ́ọ̀pù, tàbí iPhone sí Android: áàpù ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ LocalSend. Ẹ tan họ́tísípọ́ọ̀tì lórí ọ̀kan, ẹ so èkejì mọ́ ọn, ẹ pa dátà, ẹ wá ṣí áàpù náà lórí méjèèjì.
3. Fláàṣì tàbí hard disk: ẹ wo irú fọ́ọ̀mátì rẹ̀ ná. Fláàṣì tó bá jẹ́ FAT32 kò ní gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá ju 4GB lọ. Á máa sọ pé fáìlì náà ti tóbi jù, bẹ́ẹ̀ 30GB ló ṣófo níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di exFAT. Fọ́ọ̀mátì á nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, nítorí náà ẹ kó wọn kúrò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.
4. Ẹ tẹ Eject kí ẹ tó fà á yọ. Ẹ ṣí fáìlì náà lórí fláàṣì fúnra rẹ̀, ẹ wo ìparí rẹ̀, kí ẹ tó gbé e fún dírẹ́bà.

Tó bá jẹ́ pé àṣírí wà nínú fáìlì náà, 7-Zip kan náà lè fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà ránṣẹ́ lórí fóònù. Ẹ má kọ ọ́ sára páálí o.

Tó bá di pé ẹ máa fẹjọ́ sùn

Ẹ má pè wọ́n pẹ̀lú ìbínú lásán. Bébà tí ẹ kọ èsì sí lẹ máa mú dání.

1. Ẹ pe 300 lórí síìmù tó ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta yìí: Ṣé mo ti kọjá gbèdéke dátà mi? Ọjọ́ wo ni eré máa padà? Ṣé ẹ ń dín pínpín fáìlì kù lórí dátà tí mo rà yìí, níbo lẹ sì kọ ọ́ sí?
2. Ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀. Láìsí nọ́ńbà yìí, bíi pé ẹ ò pè ni.
3. Tí wọn ò bá yanjú rẹ̀, ẹ pe NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lórí 622. Ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni bóyá ẹ ti bá ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀, àti nọ́ńbà ẹjọ́ náà.

Ìlànà kan wà tí NCC gbé jáde lọ́dún 2019 fún àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì: wọn ò gbọdọ̀ dènà tàbí kí wọ́n dín ohun tó bófin mu kù láìnídìí. Àmọ́ ó fún wọn láyè láti ṣètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn níwọ̀nba kí èrò má baà dì í. Nítorí náà, "ẹ ń dín torrent mi kù" nìkan kì í sábà lágbára. Èyí tó lágbára ni "ẹ tà á fún mi bí aláìlópin, ẹ ò sì sọ gbèdéke rẹ̀ fún mi," pẹ̀lú fọ́tò ojú ewé tí ẹ ti rà á.

Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ó gbà mí ní ìpè mẹ́rin àti ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n dá eré mi padà, wọn ò dá owó mi padà.

Kí ẹ tó tẹ Send lálẹ́ òní

- *323#: dátà tó kù pọ̀ ju fáìlì náà lọ?
- Áàpù torrent àti Google Photos ti wà ní pípa?
- Metered connection ti wà ní títàn lórí láptọ́ọ̀pù?
- Fáìlì ti di ègé 500MB, ògidì rẹ̀ sì wà níbòmíràn?
- Ẹni tó máa gbà á mọ̀ pé ó ń bọ̀, ó sì ní àyè lórí fóònù rẹ̀?
- Dátà òru: aago mélòó ló parí? Ẹ ṣètò àlàámù sí ìṣẹ́jú 10 ṣáájú rẹ̀, kí ẹ lè jí pa á.